Ìtàn Ẹnu, Ìwé Ilẹ̀ àti Àpótí Ìyá Kan

 

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, omi ya wọ ìlú yìí. Dáàmù Alau, tí wọ́n kọ́ sórí odò Ngadda ní àwọn ọdún 1980, já, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi mọ́, omi ti gba apá tí ó pọ̀ nínú ìgboro. Ó wọ ààfin Shehu, ó wọ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, ó sì gbá àwọn ẹranko jáde nínú ọgbà tí wọ́n ń sìn wọ́n sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tí ó lọ, ilé tí ó wó àti oúnjẹ tí ó bàjẹ́ ni gbogbo wa ń sọ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ọ̀rọ̀ ìwé kò tíì kan ẹnikẹ́ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa tó gbé àpótí páànù kékeré kan wá sí ilé àwọn àlùfáà. Omi ti wọ inú àpótí náà. Ìwé inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ. "Fádà," ni ó wí, "ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìwé inú àpótí yìí bá ti bàjẹ́, ilé bàbá mi náà ti lọ nìyẹn." Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó ná." A tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi fáànù fẹ́ ẹ, ó sì gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin kí a tó lè ya èyí tí ó kẹ́yìn. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ìyá náà láti sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí afẹ́fẹ́. Mo kàn fi orúkọ wọn, àdúgbò wọn àti ìlú wọn pamọ́ ni. Ó tó kí n sọ pé ìlú wọn kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n ìyá yìí lọ́kùnrin ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ ta ilé tí gbogbo wọn ń pè ní ilé àwọn. Wọ́n ní bàbá àwọn ni ó ra ilẹ̀ náà, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún àwọn bí òun ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Maiduguri pẹ̀lú owó nínú àpò, tí òun sì wá ilẹ̀ rà. Ìyá wa ní rárá o, bàbá tí ó bí òun àti ẹ̀gbọ́n òun ni ó ni ilẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ni. Bàbá àgbà yìí pẹ̀lú a máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé òun wá. Orúkọ ìdílé kan náà ni bàbá àti ọmọ ń jẹ́, orúkọ mímọ́ kan náà ni wọ́n sì fún àwọn méjèèjì níbi ìrìbọmi. Ẹ wo bí ọ̀ràn ti rí. Ìtàn méjì, ọkọ̀ ojú irin kan, orúkọ kan.

Kí n tó sọ ohun tí a bá nínú àpótí, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí síhìn-ín tí a kò sì mọ bí àwọn baba wa ṣe rí ibi gbé orí lé.

Ìlú yìí gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1907 ni àwọn òyìnbó fi ibùdó wọn sí Maiduguri, ní ọdún kan náà ni Shehu Abubakar Garbai kó kúrò ní Kukawa wá sí ìlú tuntun tí àwọn Kanuri ń pè ní Yerwa títí di òní. Láìpẹ́ sí i, ní ọdún 1910, ìjọba Àríwá ṣe òfin tí ó fi ilẹ̀ sí abẹ́ àkóso Gómìnà fún àǹfààní àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 1916, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1962. Ta wá ni ọmọ ìbílẹ̀? Òfin ọdún 1962 dáhùn pé ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà kan tí ó jẹ́ ti Àríwá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àwọn Yorùbá kan rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìlọrin wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ìrìn nǹkan bí wákàtí kan nínú mọ́tò ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá jọ gúnlẹ̀ sí Maiduguri ní ọjọ́ kan náà, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì ń ta ọjà kan náà, ọmọ Ìlọrin lè sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá ni òun, èkejì rẹ̀ kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àlejò ni èkejì lójú òfin. Ó ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó lè di ilẹ̀ mú, kí ó sì máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ká a lára, kò sì yẹ kí ó má ká a lára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó ká a lára yìí náà ni ó fi ìwé sí i lọ́wọ́. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí láìsí ìwé ní ìrántí nìkan. Ẹni tí a pè ní àlejò ní rìsíìtì.

Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ni ó wá fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, tí C of O sì di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Òfin náà kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ní in tẹ́lẹ̀. Ó kà á sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀. Nítorí náà ẹni tí bàbá rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ ṣáájú ọdún 1978 ṣì nílò láti fi hàn pé bàbá òun wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí tábìlì wa. Rìsíìtì owó ilẹ̀ kan ni ó ṣe pàtàkì jù. Orúkọ ìdílé àti orúkọ mímọ́ wà lórí rẹ̀, èyí tí kò lè yanjú ohunkóhun. Owó tí wọ́n san jẹ́ ti pọ́n-ùn àti ṣílè. Ọdún rẹ̀ ni omi fọwọ́ kàn. A rí 1, a rí 9, a rí 9 tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà kẹta ti di àbàwọ́n. 1959 ni àbí 1969? Bí ó bá jẹ́ 1969, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n lè jàre, nítorí bàbá wọn ti di géńdé nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ 1959, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá wa ń wò mí bí ẹni pé èmi ni n óò pinnu nọ́ḿbà náà.

Owó pọ́n-ùn kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà tó bẹ̀rẹ̀. A ṣì ń ná pọ́n-ùn ní ọdún 1969. Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ wà lókè ìwé náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà: orúkọ ìjọba. "Northern Region of Nigeria" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1967 ni Ọ̀gágun Gowon pín orílẹ̀-èdè yìí sí ìpínlẹ̀ 12, tí ìjọba Àríwá sì kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ North-Eastern State ni Maiduguri jẹ́ olú-ìlú fún, kí a tó wá dá ìpínlẹ̀ Borno sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976. Ìyẹn ni pé ní ọdún 1969, kò sí ìjọba Àríwá tí yóò gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 1959 ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Láti Kuru, nítòsí Jos, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ojú irin tí ó wá síhìn-ín ní ọdún 1958. Ó gba Bauchi àti Gombe kọjá, nǹkan bí kìlómítà 640, ó sì dé Maiduguri ní ọdún 1964. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Maiduguri kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọdún 1964. Ẹ̀gbọ́n ìyá kò parọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀: ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ó kéré tán ti kọjá lórí rìsíìtì náà. Bàbá àgbà ńkọ́, ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú irin gbé òun wá? Òun náà kò parọ́. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni ojú irin ti dé Jos, tí ó sì ti gba Kano dé Nguru. Níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọn yóò wá wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá sí ìlú yìí. Ìyá wa rántí nígbà tí mo dárúkọ Nguru. Ó ní bàbá òun a máa dárúkọ ìlú náà, òun sì rò pé ibi tí ó ti ń ra ẹran ni.

Báyìí ni ìtàn ẹnu ṣe máa ń rí, ẹ̀yin ará. Kì í sábà jẹ́ irọ́. Ó máa ń di púpọ̀ pọ̀ mọ́ra ni, yóò so ìrìn-àjò bàbá mọ́ ti ọmọ, yóò gé Nguru sọnù nítorí pé àwọn tí ń gbọ́ kò mọ Nguru.

Láti mọ ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n, mo kọ̀wé sí ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un nílé. Àlùfáà ibẹ̀ ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó sì rí i: ọdún 1948 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 11 ni ó jẹ́ ní ọdún 1959. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni ìwé ìrìbọmi wúlò fún. Láti ìgbà Àpérò Trent, ní ọdún 1563, ni Ìjọ ti pàṣẹ pé kí àlùfáà máa kọ orúkọ àwọn tí ó ń so pọ̀ àti àwọn tí ó ń ṣe ìrìbọmi fún sílẹ̀. Òfin Ìjọ wa lónìí sì fi dandan lé e pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìrìbọmi, ti ìgbéyàwó àti ti òkú, kí ó sì pa àwọn ti àtijọ́ mọ́ dáadáa. Orúkọ òbí wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ ọmọ wà níbẹ̀, ọjọ́ sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ni kò ní ìwé mìíràn tí ó fi hàn pé ẹni báyìí ni bàbá ẹni báyìí.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ní ìwé tiwọn. Ẹ̀dà kan tí wọ́n fi tápírátà tẹ̀ ni, ọdún 1966 ni wọ́n kọ sí i, orúkọ bàbá wọn wà níbẹ̀, òkè rẹ̀ sì kà pé "Borno State". Ẹ̀yin náà ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ Borno ní ọdún 1966, "Bornu" ni wọ́n sì ń kọ orúkọ ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó tì wá pariwo pé ayédèrú ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan tẹ ìwé náà láti inú ìrántí lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ sọnù, láìní ète búburú. N kò mọ ọkàn ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ti di olóògbé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé náà kò lè jẹ́rìí sí ọdún 1966.

Àwọn adájọ́ ti bá irú nǹkan báyìí jà fún ìgbà pípẹ́. Nínú ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie, tí ó wá láti Gold Coast tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1957, wọ́n sọ pé bí ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ méjì bá takora, kí a má ṣe wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù tàbí tí ojú rẹ̀ fi òótọ́ hàn. Kí a fi ìtàn méjèèjì wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún àìpẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wa ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kà, ìwé sì tẹ̀ lé e. Òfin ẹ̀rí wa tún ní ìrọ̀rùn kan fún ìwé tí ó ti pé 20 ọdún, bí ó bá ti ibi tí ó yẹ kí irú rẹ̀ wà jáde. Àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ìwé mìíràn wà nínú àpótí náà tí ìyá wa kò fẹ́ràn láti rí. Rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti páànù ni, ti ọdún 1974, náírà ni wọ́n fi san án, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sì ni ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá wọn ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ilẹ̀ jẹ́ ti bàbá. Ògiri tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ làálàá ọmọ. Ìyá mú rìsíìtì náà lọ́wọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Wọn kò sọ fún mi rí. Mo rò pé owó bàbá wa ni wọ́n fi kọ́ ọ." Ẹni tí ó bá wá ìwé ní láti gba gbogbo ohun tí ìwé bá sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì bi wọ́n pé ọdún wo ni. Ẹ bi wọ́n pé ṣé apá òsì ni mọ́tò ń gbà nígbà náà ni àbí apá ọ̀tún, nítorí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni a yí padà. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ti kọ́lé ṣáájú rògbòdìyàn Bulumkutu, èyí tí ó jẹ́ ọdún 1982. Ẹ bi wọ́n bóyá ogun Biafra ti parí. Àgbà tí kò mọ ọdún kan yóò mọ èyí dájú. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba. Ti Àríwá wà ní Kaduna, níbi tí fáìlì ọ́fíìsì ìjọba òyìnbó ti ẹkùn Maiduguri wà lábẹ́ orúkọ "Maiprof". Ti Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Ìbàdàn, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954. Ẹ má ṣe retí pé ẹ ó bá orúkọ bàbá yín lójú ewé àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ owó-orí, ọ̀rọ̀ oyè, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ètò àdúgbò ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú wọn ni ẹ ó ti mọ ọdún tí wọ́n la àdúgbò yín.

Àwa tí a wà ní àjò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kúrò, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ilé àti ọjà sílẹ̀ ní Kumasi àti Tamale. Ní ìlú wa níhìn-ín, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2006, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn, wọ́n sì pa Fádà Michael Gajere. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Ẹ̀mí ni a kọ́kọ́ ń sunkún, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn tí ó bá jóná, ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ bá a lọ.

Wòlíì Jeremáyà mọ èyí. Àwọn ará Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, òun fúnra rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, nígbà tí ó ra pápá ní Ánátótì lọ́wọ́ Hánámélì ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, ó sì wọn ṣékélì fàdákà 17 fún un. Ìwé méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀kan ní èdìdì, èkejì ní ṣíṣí, ó sì pàṣẹ fún Bárúkù kí ó kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n náà: ẹ̀dà méjì, àti ìkòkò tí omi kò lè tètè wọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà á. Johnson kú ní ọdún 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún gbogbo rẹ̀ kọ, a kò sì rí ìwé náà ní títẹ̀ títí di ọdún 1921. Bí kò bá sí pé nǹkan ṣẹ́ kù nílé ni, ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sọ nípa Ọ̀yọ́ lónìí ni a kì bá tí ní ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ṣe nínú ìwé ìyá wa. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ìjọ nínú ọ̀rá tí a dè pinpin, ọ̀kan ti lọ sílé, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, nítorí ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a fún wọn, títí kan ti rìsíìtì sìmẹ́ǹtì. Àwọn ojúlówó ti padà sínú àpótí, ó sì ti gbé e kúrò ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn kò tíì ta ilé náà. Ẹbí ti fi ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn méjèèjì sì ti bẹ̀ mí kí n wá jókòó tì wọ́n.